Orúkọ tí Mo Gbé Kọjá Kàdúná

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Adó. Ètè mi ti là kí n tó dé gáréèjì Fájuyì láti wọ mọ́tò Òṣogbo. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo nínú mi. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ń gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀ wá kí wa lọ́dún Àjíǹde.

Ọmọ yẹn ni mo ń lọ kí nígbà náà, Bọ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ní Kàdúná. Ẹsẹ̀ ń dun ọkọ mi, kò lè lọ, ó bá fi orúkọ rán mi. "Ìyá Bọ́sẹ̀, Ìbíyẹmí ni o. Ẹnu rẹ ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí wọ́n mọ̀ pé ulé la ti mú un wá."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí mo bá ní ó dùn. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n kò jókòó rí kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Mo na ẹsẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ń gbé ọsàn àti ẹja yíyan wá bá wa lójú fèrèsé. Nígbà tí a gun afárá Jẹ́bà, tí Odò Ọya tẹ́ lọ lábẹ́ wa, mo pariwo bí ọmọdé.

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ nígbà tí a dé Kàdúná. Mo ti di ẹrù mi. Obìnrin Ọ̀fà tó jókòó tì mí ní, "Ìyá Èkìtì, ibi tó ti ń dùn lẹ fẹ́ ti sọ̀kalẹ̀? Ẹ kò tíì rí Kánò!" Mo rò ó pé tílẹ̀ bá mọ́, màá padà. Mo gbé ẹrù sílẹ̀. Mo tún jókòó.

Ní Kánò, wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tó ń padà títí di ọ̀tunla. N kò gbọ́ Hausa, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò.

Wọ́n ti sọmọ lórúkọ kí n tó padà dé Kàdúná. Mo parọ́ pé oorun ló gbé mi kọjá. Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. A retí yín títí. Orúkọ wo ni Bàbá fi rán yín?" Àwọn àna mi ń wò mí. Ojú tì mí láti pe orúkọ tó yẹ kí n ti pè lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo ní kò fi orúkọ kankan rán mi.

Ojú ọmọ mi wálẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ́kọ sí ọ̀nà jíjìn tẹ́lẹ̀. Bọ́sẹ̀ rò pé inú ṣì ń bí bàbá òun.

Nígbà tí mo padà sílé, mo sọ fún ọkọ mi pé mo pe orúkọ náà, gbogbo wọn sì ṣe àmín. Láràárọ̀ ló ń gbàdúrà fún Ìbíyẹmí. Tí Bọ́sẹ̀ bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń kà á, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, ọkọ mi ni àbí ọmọ mi?

N kò ní kí ẹ má dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kejì tí mo dé Kàdúná. Èmi ni mo wẹ ọmọ náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ mú aṣọ ìnura, mo fi ẹnu sí i létí, mo pe Ìbíyẹmí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sín. Èmi nìkan ni mo ṣe àmín.