Ọmọrí Ìkòkò Tíì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì ìmọ̀kòkò yìí, ẹ fi amọ̀ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀. Ikùn mi ò gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ìkòkò tíì mi tó gbapò kìíní nínú ìdíje wa, èyí tí mo fi àwo dé lórí tábìlì yìí, ọmọrí tó ní lọ́jọ́ náà kì í ṣe tèmi. Mo jí i ni. Ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, àwọn ni mo jí i lọ́wọ́ wọn.

Tíṣà ní ká mọ ìkòkò tíì róbótó lórí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń yí amọ̀, ká wá fọwọ́ yí ìrísí rẹ̀ padà. Òdiwọ̀n kan náà ni gbogbo wa fi ṣe ẹnu ìkòkò àti ọmọrí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tẹ tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì títí ó fi rí bí ẹyin. Àwọn tẹ ọmọrí tiwọn pẹ̀lú. Èmi aláròyé, mò ń tàkúrọ̀sọ kiri, mo gbàgbé tèmi ní róbótó. Ìgbà tí amọ̀ ti le ni mo tó rí i, bẹ́ẹ̀ tèèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, yóò sán ni. Mo wẹ̀yìn, mi ò rẹ́nì kan. Mo pààrọ̀ ọmọrí wa.

Nígbà tí ìkòkò jáde nínú ààrò, tèmi bára mu rẹ́gí. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ọmọrí yọ síta lápá kan, ó fi àlàfo sílẹ̀ lápá kejì.

"Mo tẹ ọmọrí yìí," ni wọ́n ń wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Mo wojú wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọn ò wá síbí mọ́. Wọ́n ń wọn aṣọ oníbàárà ní àwọ̀ntúnwọ̀n kí wọ́n tó gé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé tíì lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìkòkò mi yìí, èmi ìkà, mo bá wọn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn obìnrin pé, "Gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Orí mi ò pé mọ́, mi ò fẹ́ ba aṣọ aláṣọ jẹ́."

Mo ṣí ọmọrí orí ìkòkò mi, mo gbé e lé tiwọn, èyí tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Wọ́n fọwọ́ kan ọmọrí náà, wọ́n bi mí pé, "Ṣé orí mi wá pé?"

"Ó pé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọmọ mi, dá kọ́kọ́rọ́ mi padà." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ, bu tíì kó tó tutù. Olè burúkú."

Tíì yẹn dùn ju gbogbo èyí tí mo ti mu látìgbà ìdíje lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ yín bá bàjẹ́, ẹ gbà pé ó bàjẹ́. Ẹ má sọ fún ẹni tó rántí pé ó gbàgbé. Ní báyìí, ọmọrí tuntun ni mo fẹ́ mọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń pariwo látẹnu ọ̀nà:

"Tẹ̀ ẹ́ kó tó le o!"