Mo Sáré Fi Ṣìkírá Sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin kan ń ṣàdúrà fún mi l'Ékòó, àdúrà náà sì ń ta mí lára bí ata. Ó ń sọ fún gbogbo ará ilé rẹ̀ pé èmi ni mo gba òun sílẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọ̀gá mi tó ń ta aṣọ ló rán mi lọ sí Ìdúmàgbò, kí n lọ bójú tó ṣọ́ọ̀bù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí síbẹ̀, mo sì gba yàrá kan sí Ìsàlẹ̀ Èkó fún ìwọ̀nba àsìkò tí màá lò. Ṣìkírá ń ta léèsì ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwa. Nígbà tó gbọ́ pé dókítà ní kí n máa sáré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní òun náà ń sáré láràárọ̀, ká jọ máa lọ. Bá a bá ti kírun àsùbáà tán, a ó sáré gba Ìdúmọ̀tà kọjá nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kankan ò tíì ṣí, ó di orí afárá, a ó sì padà. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Wàsíù, ọkọ rẹ̀, ló kó bá mi. Gbogbo ìgbà tá a bá padà dé, ẹnu ọ̀nà ilé wọn la máa ń bá a, tòun ti ike omi àti táwẹ̀lì lọ́wọ́. Á nu ojú ìyàwó rẹ̀, á bi í bóyá orúnkún ṣì ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló máa wá kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Ìbàdàn," á sì gbé omi fún èmi náà. Ọkọ tèmi kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ tí mo bá pè é láti Èkó, "Ṣé kò sí?" ló máa bi mí, tí mo bá ti ní kò sí, ó ti pa fóònù nìyẹn. Kí ni Ṣìkírá fi sàn jù mí lọ? Ìbéèrè tí mò ń bá sùn nìyẹn, òun náà ni mò ń bá jí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè kí n tó jáde. Ta ló ń kun àtíkè lọ làágùn? Tá a bá ti sún mọ́ ilé, màá tún sáré ṣáájú Ṣìkírá, kí omi náà lè kọ́kọ́ kàn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ṣíwájú nígbà tí mo gbọ́ tó ṣubú lẹ́yìn mi. Ó pe orúkọ mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i nílẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mú. Mo kọjú síwájú, mo sá lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé, fún ẹ̀ẹ̀kan péré, èmi nìkan ni màá bá ọkùnrin yẹn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, mo nawọ́ sí omi. Kò tiẹ̀ wojú mi.

"Ṣìkírá dà?"

Mo ní ó ṣubú. Ó ju ike omi sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìwọ bàtà, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ní ilé rẹ̀ ń jó. Ẹsẹ̀ Ṣìkírá ló rọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé e dé, Ṣìkírá dì mọ́ mi, ó ń sunkún.

"Ọlọ́hun á san án fún ẹ. Bí ò bá ṣe pé o sáré wá pè é, ta ni ì bá rí mi?"

Mo ní àmín.

Mo ti padà sí Ìbàdàn báyìí. Ṣìkírá pè mí lórí fóònù, ó ní ẹsẹ̀ òun ti san, òun àti ọkọ òun ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi pé ó fẹ́ ìyàwó rere. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un ni, àbí kí n jókòó ti ọkọ mi, kí n máa gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi? Ojú ń tì mí láti sọ èyí tó kù. Nígbà tó ní àwọn ń bọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni bóyá Wàsíù máa bá a wá lóòótọ́.