Ta Ló Jókòó Sídìí Sítíárín?

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ariwo fèrè ọkọ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Fáàrí, yára, mò ń wakọ̀.

FÁÀRÍ: Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìnira oòrùn. Èrò ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: A dúpẹ́. Wọ́n wà lẹ́yìn mi. Kí ló dé?

FÁÀRÍ: Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kí n kí yín ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ? Kí mi? Lọ́sàn-án gangan?

FÁÀRÍ: Ṣé mi ò lè kí ẹ̀gbọ́n mi ni? Àbúrò gidi ni mí. Ká ní wọ́n ń pín àbúrò káàkiri ayé, èmi nìkan ni wọ́n ì bá máa jà lé lórí. Bí mo ṣe—

Ẹ̀GBỌ́N: Gé e kúrú.

FÁÀRÍ: Ó dáa. Jáàkì Bàbá. Ṣé ó máa ń rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni?

[Bíréèkì ké. Èrò kan ń ráhùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Jáàkì kí ni?

FÁÀRÍ: Jáàkì wọn tó wà lẹ́yìn ilé. Òun ni mo fi gbé mọ́tò wọn. Háà, ká ní ẹ wà níbẹ̀! Ìka kékeré yìí ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò fò sókè bí ìwé. Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Àdúgbò wo? Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

FÁÀRÍ: Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Fáàrí, ta ní kí o fọwọ́ kan mọ́tò yẹn? Látọjọ́ tí Bàbá ti dákẹ́ sídìí sítíárín rẹ̀, tí a gbé wọn jáde níbẹ̀, ta ló tún ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú wa?

FÁÀRÍ: Mi ò ṣí ilẹ̀kùn. Táyà iwájú ni mo yọ. Bíréèkì ibẹ̀ ló gan. Ọ̀rẹ́bìnrin mi ń bọ̀ lọ́la, mo sì ti sọ fún un pé mo ní mọ́tò.

Ẹ̀GBỌ́N: Mélòó?

FÁÀRÍ: Mẹ́rin.

Ẹ̀GBỌ́N: Orí mi o. Kí ló dé tí ohùn rẹ ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú ìkòkò?

FÁÀRÍ: Network ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo lo wà?

FÁÀRÍ: Ilé ni mo wà. Mo dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Lórí ibùsùn?

FÁÀRÍ: Ó... ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibùsùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Fáàrí!

FÁÀRÍ: Abẹ́ mọ́tò ni. Ẹ má pariwo, please.

[Ọkọ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n ń bá èrò sọ̀rọ̀: “Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ni.”]

Ẹ̀GBỌ́N: Jáde níbẹ̀. Báyìí báyìí.

FÁÀRÍ: Mi ò lè jáde. Irin kan ti tẹ ẹ̀wù mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀wù tuntun ni o, wọn ò tíì rán irú ẹ̀ fún ọba—

Ẹ̀GBỌ́N: Àyà rẹ ńkọ́?

FÁÀRÍ: Nígbà tí mo pè yín, àtẹ́lẹwọ́ mi ń kọjá láàárín àyà mi àti irin. Ní báyìí, ìka ló ń kọjá.

Ẹ̀GBỌ́N: Má parọ́ fún mi o. Mo rántí ejò tó gùn bí òpó iná tó wà ní balùwẹ̀. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ sáré dé. Ekòló ni.

FÁÀRÍ: Ekòló yẹn sanra.

Ẹ̀GBỌ́N: Fáàrí.

FÁÀRÍ: Mi ò parọ́, Ẹ̀gbọ́n. I swear. Mi ò parọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: ...Ibo lo gbé jáàkì sí?

FÁÀRÍ: Sábẹ́ ibi tí èrò iwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Páànù lásán nìyẹn! Á lu ni! Etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí irin ti nípọn, tí wọ́n ṣe àmì sí, ibẹ̀ ni jáàkì ń dúró sí!

FÁÀRÍ: Mo gbọ́ nígbà tó dún kẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó ń kí mi ni.

Ẹ̀GBỌ́N: O fi pákó sábẹ́ jáàkì?

FÁÀRÍ: Ilẹ̀ yìí le bí àpáta.

Ẹ̀GBỌ́N: Òjò rọ̀ lánàá!

FÁÀRÍ: Òun náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí.

Ẹ̀GBỌ́N: Òkúta ńkọ́? O fi òkúta há àwọn táyà ẹ̀yìn?

FÁÀRÍ: Òkúta báwo?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbé o! Táyà tí o yọ ńkọ́? Kí ni Bàbá máa ń wí? Táyà tó bá kúrò lẹ́sẹ̀ mọ́tò, abẹ́ mọ́tò ni kó lọ sùn. Bí jáàkì bá yẹ̀, orí táyà ni irin á já sí, kì í ṣe orí ọmọ ènìyàn.

FÁÀRÍ: Ó wà lára ògiri. Mo fẹ̀yìn tì í ya fọ́tò.

Ẹ̀GBỌ́N: Fọ́tò! Ó dáa, pariwo. Pe àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún ọ.

FÁÀRÍ: Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́nì kankan. Màmá lọ rí dókítà ojú, wọ́n sì ti géètì látìta.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń bọ̀. Má mira. Má ta ẹsẹ̀. Máa rọra mí. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ohùn fóònù ń já. Ariwo bíi ti òjò.]

Ẹ̀GBỌ́N: Fáàrí? Ṣé o gbọ́ mi?

FÁÀRÍ: [ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo ni mo ṣe máa ti dé? Mi ò tíì yí ọkọ̀ padà.

FÁÀRÍ: Ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá ni. Pè wọ́n!

FÁÀRÍ: Mò ń wo ilẹ̀ yí ká. Kò sí ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì padé. Àga dún. Mọ́tò tẹ̀ sí apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Fáàrí, bó bá jẹ́ eré lò ń fi mí ṣe, n ó nà ọ́ dọ́la.

FÁÀRÍ: Ẹ ó nà mí. Ẹ kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ẹ fetí sílẹ̀.

[Ẹnìkan wúkọ́ lókèèrè, ó sì ha ọ̀fun.]

Ẹ̀GBỌ́N: ...Ìwọ lo wúkọ́ yẹn?

FÁÀRÍ: Rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ikọ́ yẹn... ikọ́ Bàbá ni—

FÁÀRÍ: Ẹ má pè wọ́n. Òkè orí mi níbí ni wọ́n wà.

[Ohùn fóònù ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Fáàrí, má fèsì bí wọ́n bá bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

FÁÀRÍ: Ẹ̀gbọ́n, irin ti kúrò láyà mi. Bí wọ́n ṣe tẹ ọ̀hún mọ́lẹ̀, apá ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé sókè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀wù ńkọ́?

FÁÀRÍ: Ó ti bọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Yọ́ jáde! Má di nǹkan kan mú. Má fara kan jáàkì. Fẹ̀yìn wọ́ bí aláǹgbá!

[Ara ń wọ́ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó ń mí helehele.]

FÁÀRÍ: Orí ti jáde. Ìdí... ìdí ti jáde. Ó ku ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló—

[Ìró ńlá. Irin balẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: FÁÀRÍ!

[Èrò kan ń béèrè: “Kí ló ṣẹlẹ̀?”]

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi. Ọmọ ìyá mi. Dá mi lóhùn. Parọ́ fún mi. Irọ́ yòówù kó jẹ́, màá gbà á.

FÁÀRÍ: ...Mo ti wà níta.

Ẹ̀GBỌ́N: [ó ń sunkún] Ọpẹ́ o. Ẹsẹ̀ rẹ?

FÁÀRÍ: Méjèèjì pé. Bàtà kan ló há sábẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kó há. Kúrò níbẹ̀. Lọ dúró sẹ́nu géètì títí màá fi dé.

FÁÀRÍ: Mò ń wò wọ́n, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Má wò wọ́n! ...Báwo ni wọ́n ṣe rí?

FÁÀRÍ: Bí wọ́n ṣe máa ń rí náà ni. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ọwọ́ wọn wà lórí sítíárín. Wọ́n ń wo iwájú.

[Ẹ́ńjìnnì ń gbìyànjú. Ó dúró. Ó gbìyànjú. Ó gbà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí nìyẹn?

FÁÀRÍ: Mọ́tò ti sítáàtì.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò lè sítáàtì. Bátìrì rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ mi níbí. Èmi ni mo yọ ọ́ fúnra mi.

FÁÀRÍ: Ó ti sítáàtì. Ó ń dún dáadáa, bíi tìgbà tí wọ́n fi ń gbé wa lọ sílé ìwé. Kò tiẹ̀ wúkọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Sá! Fo ògiri! Ṣé o gbọ́ mi?

FÁÀRÍ: Wọ́n ti sún.

Ẹ̀GBỌ́N: Sún síbo?

FÁÀRÍ: Sí àga kejì. Wọ́n fi ìdí sítíárín sílẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ gbọn eruku orí àga fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Má wọlé! Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò yẹn ní!

FÁÀRÍ: Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ fún wọn pé o ò mọ ọkọ̀ wà! Òótọ́ ni! O ò wakọ̀ rí láyé rẹ! Sọ fún wọn!

FÁÀRÍ: Èmi kẹ̀? Èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà? Níwájú Bàbá? Ẹ̀gbọ́n, láti ibí dé òpin ayé, kò sí awakọ̀ tó lè—

[Ilẹ̀kùn mọ́tò padé.]

Ẹ̀GBỌ́N: Fáàrí! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o—

[Ìpè já.]