Bí Fèyí Ṣe Fọhùn ní Ṣọ́ọ̀bù Mi ní Àgùdà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ pariwo ná, ọ̀rọ̀ á tẹ̀lé e. Olúwa, o ṣeun o! Ẹ bá mi sọ ọ́ kó dé òdìkejì títì!

Télọ̀ ni mí ní Àgùdà. Fèyí, ọmọ àbúrò mi Bùnmi, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wà láàárọ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ pé ọdún mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀. Kò pe "màmá" rí. Tó bá fẹ́ omi, á fà mí láṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bú ara wọn!

Ẹ̀rù bà mí, èmi ọkùnrin gíga báyìí. Mo máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn. Tí kò bá yíjú, ilé ìyàgbẹ́ ni mò ń sáré lọ. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì mo jẹ búrẹ́dì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Olúwa ti dárí jì mí. Ẹnì kan ní kí n wá àgbàdo tí ayékòótọ́ jẹ kù fún un jẹ. Mo wá a dé Mushin! Bàbá tó ni ẹyẹ ní, "Ẹyẹ tèmi gan-an kì í sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ kan Bùnmi sunkún wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé-ìwé ní àwọn ò lè gbà á bẹ́ẹ̀."

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan yẹ etí rẹ̀ wò. Ó ní, "Etí ẹ̀ dáa. Ta ló ń wà pẹ̀lú ẹ̀ lójúmọ́?"

Mo ní èmi ni.

"Kí lẹ máa ń bá a sọ, Bàbá?"

Mo yíjú sí Bùnmi. Bùnmi ti kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má sọ Yorùbá sí Fèyí, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní pámárì fáìfù, "kọ́ọ̀mù" àti "sídáùn" ni gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mi. Mo bá dákẹ́. Mọṣíìnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù!

Dókítà ní, "Ẹ̀yin lẹ yadi, Bàbá. Èdè tó bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Yorùbá ò ní dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Kẹ́ ẹ sì máa gbé e wá, kí n máa wò ó."

Bùnmi kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ sọ ọ́ títí ẹnu á fi bó."

Mo bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rèé, òwú rèé, wo ìyá yẹn bó ṣe ń rìn. Oṣù kan, kò sí nǹkan kan. Oṣù kejì, "omi." Ògo! Lẹ́yìn ìyẹn, "ẹ gbà," "ẹ wò ó." Ó wá di ọjọ́ kan, oníbàárà mi kan, Àǹtí Síkírá, wá gba bùbá rẹ̀ nígbà kẹrin.

"Télọ̀, aṣọ mi dà?"

Kí n tó lanu, Fèyí dìde. "Ó ku bọ́tìnnì, mà!"

Gbólóhùn tí mo fi ń tan gbogbo oníbàárà!

"Bọ́tìnnì wo? Bùbá ni mo gbé wá!"

Ará, mo sunkún sórí bùbá Àǹtí Síkírá. Olúwa dójú tì mí, ó sì gbà mí!

Ilé-ìwé ti gbà á. Ìwọ òbí tí ọmọ rẹ ò tíì fọhùn, má bẹ̀rù bíi tèmi. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bá a sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa gbàdúrà. Ọmọ tẹ́ ẹ ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn látìgbà tí mo ti dìde, òun náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa wí.