Ọmọ Mi Kò Kọ́ Iṣẹ́ Iná Tí Bàbá Rẹ̀ Ń Fi Yangàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ kan ń bẹ nílé mi tó ti tóbi ju ohun tí ọwọ́ mi lè bò lọ. Láìpẹ́, wọn ó pe orúkọ ọmọ mi ní gbangba níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ pé ó ti di ẹnjiníà. Wọn ó sì sọ irú ẹnjiníà tó jẹ́. Ọkọ mi yóò wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Monrovia ní Làìbéríà níbí la ń gbé, ní Duport Road. Tíṣà ni mí. Ọkọ mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Congo Town. Tèmítáyọ̀ nìkan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń sọ pé, "Iṣẹ́ iná ni Tèmi máa kọ́. Òun ló máa gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi."

Ọkàn ọmọ kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ ibi tí a wà rẹlẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á wọlé, a ó máa gbé mátíráàsì sórí tábìlì. Tèmi á wọ bàtà òjò, á jáde lọ wo ibi tí omi ti ń wá àti ibi tó fẹ́ gbà lọ.

Nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì, ó bá mi ní kíṣìnnì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹnjiníà ọ̀nà, afárá àti gọ́tà ni mo fẹ́ dà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Dádì."

Mo kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọmọ yẹn fẹ́ sọ òtítọ́. Èmi ni mo dá a dúró. Bàbá rẹ̀ ti búra pé bí kò bá ṣe iṣẹ́ iná, òun ò ní rán an níwèé. Mo ní kó kọ́ ohun tó wù ú, kó pa ẹnu mọ́. Ó sunkún. Ó gbọ́ tèmi.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ mi bá ti bi í ní ìbéèrè nípa wáyà, èmi ni mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ó ń fi í yangàn, èmi á máa wolẹ̀. Ojú ọkọ mi ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Ó ń retí kí ọmọ náà wá gba ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́dún tó kọjá, ó lọ sin ìyá rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kó tó dé, àdúgbò ní kí Tèmi ya àwòrán gọ́tà tuntun fún àwọn. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo ọmọ mi láàárín àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú apá kan, pé omi ò ní gba ibẹ̀. Wọ́n kùn. Wọ́n tú u.

Mo tún bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Òjò ọdún yìí dé. Omi gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, kò yà sílé. Ọkọ mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó.

"Ìyá Tèmi, ta ló ṣe gọ́tà yìí? Onítọ̀hún mọ iṣẹ́. Inú ìyá tó bí i á máa dùn."

Mo ní, "Ó ń dùn gan-an, Bàbá Tèmi."

Mo sáré wọ yàrá. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Ṣé kí n sọ fún un nísinsìnyí, àbí kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Irọ́ tí mo pa ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ lé lórí o. Ohun tí ọmọ mi kọ́ kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú.