Fóòmù Inú Gìtá Béèsì

Mo ń dúró de rédíò mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò àti gìtá ṣe ní Kétu, nígbà tí bàbá onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì kan gbé béèsì àtijọ́ wọlé.

"Ọ̀gá, gbà mí o. Tẹ́lẹ̀, á dún gbì, á dákẹ́. Ní báyìí ó ń ró gooro bí agogo."

"Kí lẹ ṣe sí i, Daddy?"

"Mo kàn nù ún nítorí ìkórè ni. Mo tú irin tó bo ìdí okùn rẹ̀, mo bá fóòmù jíjẹrà kan níbẹ̀. Mo rò pé eku ló kó o wá, mo bá sọ ọ́ nù."

Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín. "Daddy, àwọn tó ṣe gìtá yẹn ló fi síbẹ̀! Òun ló ń di okùn mú, kí ohùn má baà fà."

Bàbá náà jókòó. "Yéè! Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ kuáyà pé ìka mi ló ń jẹ́ kó dún gbì bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń gbé ìka ọ̀hún lé wọn lórí gbàdúrà, kó lè ràn wọ́n."

"Ṣé kí n gé fóòmù mìíràn sí i?"

"Gé e. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó nípọn dáadáa. Ẹ̀bùn orin mi nìyẹn."