Òpin Fíìmù Tí Mo Yí Padà

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bú mi. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé irọ́ kan sùn, tí mo sì ń gbé e jí. Ìyàwó mi kò mọ̀. Ọdún Iléyá tó ń bọ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ti yí orúkọ wa padà.

Tíṣà ni mí ní Òkè-Ìlá. Nígbà náà, tó bá di ọ̀sán Sátidé, mo máa ń lọ sí ilé fídíò kan ní Ìlá. Fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n máa ń gbé sí i, wọ́n á kọ òyìnbó sísàlẹ̀ àwòrán. Èmi ni mo máa ń kà á, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ìgbómìnà fún àwọn èrò. Ẹnu mi dùn, n kò ní purọ́. Àwọn ìyá àgbà pàápàá máa ń béèrè pé, "Ṣé Tíṣà ń bọ̀ lónìí?"

Àbẹ̀kẹ́ máa ń wá. Aránṣọ ni, bẹ́ńṣì iwájú ló máa ń jókòó sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tó bá rẹ́rìn-ín báyìí, ibi tí mo kà dé á sọnù mọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n ó ti ní àfẹ́sọ́nà, Súlè káfíńtà, tó lọ wá iṣẹ́ sí Ìbàdàn. Súlè ti ṣèlérí pé òun á ra ẹ̀rọ ìránṣọ bọ̀ fún un. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Àbẹ̀kẹ́ ṣì ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé fíìmù ìfẹ́ kan sí i. Afunfèrè kan mu omi kànga àwọn iwin, ó sì gbàgbé ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Ojoojúmọ́ ni ọmọbìnrin náà ń jókòó sétí kànga, tó ń retí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ń sunkún. Èmi ti wo fíìmù náà ṣáájú, mo mọ òpin rẹ̀. Ọkùnrin náà á rí àpá iná lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn, gbogbo nǹkan á padà sí i lọ́kàn, wọ́n á dì mọ́ra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀, mo dìde, mo pa ẹ̀rọ náà. Mo ní téèpù ti já. Àwọn èrò pariwo. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, n ó sọ ìyókù. Mo sọ pé ọkùnrin náà kò rántí rárá, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní ọmọbìnrin náà wá dìde létí kànga, ó ní, "Ẹni tó gbàgbé mi ti tú mi sílẹ̀." Kò síbi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú fíìmù. Èmi ni mo hun ún.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Àbẹ̀kẹ́ gbà láti fẹ́ mi.

Ìgbéyàwó wa kò tíì ju oṣù méjì lọ tí Súlè fi dé. Àìsàn ló ti dá a dúbúlẹ̀ sílé ìwòsàn ní Ìbàdàn látọjọ́ yìí. Ó di ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi níta.

"Súlè, ẹni tó gbàgbé mi ti tú mi sílẹ̀."

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, èmi ò gbàgbé ẹ." Lẹ́yìn náà ó ní kí ọlọ́kadà yí padà. N kò jáde. Ẹkún ni mò ń sun.

Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wá lọ́rẹ. Àbẹ̀kẹ́ ń ṣìkẹ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ogún. Àbúrò ìyàwó mi tó wà l'Ékòó ránṣẹ́ pé òun ti rí kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kànga náà rà, òun á gbé e bọ̀ wálé fún Iléyá tòun ti ẹ̀rọ fídíò. Inú ìyàwó mi ń dùn bíi ti ọmọdé.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ ó jókòó tì mí, ẹ ó máa túmọ̀ ẹ̀ fún mi bíi ti àtijọ́. Mo fẹ́ rí ojú obìnrin yẹn nígbà tó dìde létí kànga."

N kò lè pa ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un kí Iléyá tó dé ni, àbí kí n jókòó tì í, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà? Tó bá wá kọjú sí mi, tó ní ta ló sọ ọ̀rọ̀ tí òun fi lé Súlè lọ, kí ni kí n wí?